Iná Tí Fíríìjì Ilé Wa Jẹ

Àwọn ẹbí ọkọ mi ní fíríìjì tí mo yàn ló pa á. Òótọ́ ni pé èmi ni mo yàn án. Mo dúró níwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Igbókòdá, mo gbé awò mi sójú, mo ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ní kí wọ́n bá mi gbé e. Ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà, wọn kì í sọ ọ́ tán. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin báyìí, yàrá kan ni mo ń gbé ní Igbókòdá, ojú mi ṣì ríran kọ̀wé, n ó sì sọ ọ́ tán.

Tíṣà ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní sáyẹ́ǹsì, títí kan bí ooru ṣe ń rìn láti ibi tó gbóná lọ sí ibi tó tutù. Ọkọ mi ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Bó ti wù kó fọ ọwọ́ rẹ̀ tó, èékánná rẹ̀ dúdú ni. Abúlé wa kò jìnnà sí Ayétòrò. Orí òpó igi ni ilé wa dúró sí, omi wà lábẹ́ wa, afárá pákó ni a sì ń rìn lọ sílé ara wa.

Nígbà tí ọkọ mi lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, dókítà sọ pé oògùn oníhóró kò ká ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ mọ́, pé abẹ́rẹ́ ínsúlìn ló kù, yóò sì máa gún un lójoojúmọ́ títí ayé. Oògùn inú abẹ́rẹ́ náà kò gbọdọ̀ gbóná. Kò sì gbọdọ̀ dì. Àárín méjèèjì ni ó gbọdọ̀ wà, ní ibi tí iná ìjọba ti kú tipẹ́tipẹ́, tí òpó iná kàn dúró nínú ẹrẹ̀ tí ẹyẹ ń bà lé e.

Kúlà ni mo kọ́kọ́ ń lò. Yìnyín máa ń bá ọkọ̀ wá láti Igbókòdá fún àwọn tó ń ta ẹja tútù, èmi náà á gba tèmi. Mo máa ń fi aṣọ wé igo oògùn kí yìnyín má bàa kàn án, mo sì máa ń ti tẹmómítà bọ inú kúlà ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ kò bá wá fún ọjọ́ méjì, orí afárá ni mo máa ń dúró sí, tí n ó máa wo ojú omi. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ wá bá wa ṣe Kérésì, ó wò mí títí.

“Màmá, kúlà yìí ló kù tí ẹ̀ ń tọ́ báyìí. Ó ti di ọmọ yín.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ó ní kí n lọ yan fíríìjì, pé òun yóò fi sólà sí i.

Báyìí ni mo ṣe dé iwájú ìwé pélébé yẹn. Ó kọ iye yúníìtì iná tí fíríìjì náà ń jẹ lọ́dún kan. Mo pín in sí ọjọ́, mo pín ti ọjọ́ sí wákàtí. Àwọn tó ń rajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń wo àwọ̀ àti bí ó ṣe ń dán. Nọ́ńbà ni èmi ń wò, inú mi sì dùn sí ara mi. Mo mú ìṣirò mi lọ bá ọkùnrin tó ń ta sólà, mo ní bátìrì méjì ni mo fẹ́.

“Ẹja ńkọ́, Màmá?” ó béèrè.

“Ẹja kankan kò ní wọ inú rẹ̀. Oògùn ni mo fẹ́ fi sí i.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ní Ìlàjẹ? Màmá, ẹ fi bátìrì kan kún un.”

“O kò rí ohun tó wà lórí ìwé yìí ni?”

“Mo rí i, mà. Ẹni tó kọ ọ́ ni kò tíì dé ilé yín rí.”

Mo bínú. Mo rò pé ó kàn fẹ́ ta ọjà rẹ̀ ni. Bátìrì méjì tí ìṣirò mi sọ ni mo gbà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo kọ ọ́ síbí fúnra mi kí ẹlòmíràn má bàa bá mi kọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e dé, gbogbo àdúgbò dà jáde sórí afárá. Òkun ti gba ilé ìdáná wa àtijọ́ lọ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, nítorí náà a ti kọ́ òmíràn mọ́ ẹ̀yìn pálọ̀, ògiri pákó kan ṣoṣo ló sì pààlà láàárín àwọn méjèèjì. Inú ilé ìdáná yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ń yan ẹja tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti padà sí ilé bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́wàá ju ọkọ mi lọ. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ṣì ń rákò, ẹ̀yìn obìnrin yìí ni ó ti mọ̀ pé òun wà láyé. N kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹni, ọkọ ẹni ni òun náà, ìbáà ṣe obìnrin. Mo ti ní ọmọ-ọmọ, ìyàwó ni ó ṣì ń pè mí, Àǹtí ni èmi ń pè é. Òun ló dúró sí àárín pálọ̀ tó ń júwe fún àwọn tó gbé fíríìjì.

“Ògiri ẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ gbé e tì. Ẹni tó bá wọlé, òun ni kó kọ́kọ́ rí.”

“Àǹtí, ààrò ẹja wà lẹ́yìn ògiri yẹn,” mo wí.

“Ẹn-ẹ́n?”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbà tú ooru jáde. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbóná, kò ní lè sinmi.”

“Ìyàwó, ṣé fíríìjì lo rà ni àbí aboyún?”

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo gbé igo oògùn sókè níwájú gbogbo wọn, mo sọ pé kò gbọdọ̀ gbóná, kò gbọdọ̀ dì, pé àárín ni kí a fi nǹkan tí a ń yí nínú fíríìjì náà sí, nọ́ńbà mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín aboyún. Ibi tí Àǹtí ní kí wọ́n gbé e sí ni wọ́n gbé e sí.

Ọmọ wa ti fún mi ní mítà kékeré kan tí a ń fi sí àárín wáyà fíríìjì àti ibi tí iná ti ń wá. Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ni mo ń ka iye iná tó jẹ, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí oògùn nìkan wà nínú rẹ̀, ó fi díẹ̀ ju ohun tí ìwé ilẹ̀kùn sọ lọ, nítorí ooru tiwa kì í ṣe kékeré. Mo fara mọ́ ọn. Bátìrì ń gbé e di ọjọ́ kejì, tẹmómítà kò yẹ̀, ọkọ mi sanra díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyẹn fi rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo ṣí fíríìjì, mo bá abọ́ ńlá kan tó kún fún ṣáwá, omi ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí igo oògùn.

“Àǹtí, kí ni eléyìí?”

“Ẹja ni. O kò rí ẹja rí?”

“Oògùn nìkan ni a ní…”

“Igo méjì bí àtàǹpàkò mi! Ṣé oògùn náà fẹ́ na ẹsẹ̀ ni, tí ẹja mi kò fi lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?”

Mo mọ ìdí tó fi ṣe é. Bí àwọn apẹja bá pa púpọ̀ lọ́jọ́ kan, àwọ̀n ààrò kì í gba gbogbo rẹ̀, èyí tó bá dúró de ọjọ́ kejì á ti rà. Láti kékeré ni ó ti ń da ẹja tó rà sínú omi, ó sì máa ń sunkún bí ó bá ń dà á. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹja rẹ̀ rí ibi dúró dè é. Bí ó bá jẹ́ abọ́ kan náà ni, mo lè fara dà á.

Kò dúró lórí abọ́ kan. Aládùúgbò gbé tiwọn wá, nítorí Àǹtí ti sọ fún wọn pé fíríìjì àbúrò òun ni. Omi inú ọ̀rá dé. Ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣì ń rú èéfín dé. Ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo ń fa ìlà kan fún ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn. Ìlà mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Àwọn kan ṣí i, wọ́n dúró níbẹ̀ kí atẹ́gùn rẹ̀ lè fẹ́ sí wọn láyà, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa oyún ọmọ wọn.

Iṣẹ́ fíríìjì kò ju pé kó máa kó ooru láti inú bọ́ sóde, bí ẹni tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tó ń jò. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, omi tún wọ ọkọ̀. Ẹja tí oòrùn ti yan láàbọ̀ láti ojú òkun wọlé pẹ̀lú gbogbo ooru ara rẹ̀. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ wa jẹ rọ́bà etí ilẹ̀kùn, kò lẹ̀ mọ́ra dáadáa mọ́. Lẹ́yìn ògiri, ààrò ń jó. Ní ọjọ́ tí Àǹtí bá ń yan ẹja, fíríìjì náà á máa kùn láti òwúrọ̀, kò ní dákẹ́ rárá. Nígbà tí mo kà á lórí mítà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìlọ́po méjì ohun tí ìwé sọ, bátìrì sì ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo mú ìwé mi lọ bá ọkọ mi níbi tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì kan palẹ̀.

“Ẹ wò ó. Ìgbà tí oògùn nìkan wà níbẹ̀ nìyí. Ọ̀sẹ̀ yìí nìyí.”

Ó wò ó dáadáa. Ó mọ nọ́ńbà kà, kò sì gọ̀. “Mísìsì, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ẹ́ńjìnnì pé gálọ́ọ̀nù kan á gbé e dé Igbókòdá, tí èrò wá kún ọkọ̀, tí omi ń ṣàn bọ̀ lójú wọn, ṣé gálọ́ọ̀nù kan á gbé e débẹ̀?”

“Kò lè gbé e débẹ̀.”

“Mi ò sì tíì rí ẹni tó tìtorí epo sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi.”

Ó padà sídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èsì tí mo rí fún un lẹ́yìn náà ni pé òun gan-an ló wà nínú omi.

Mo ra ẹ̀wọ̀n kan àti àgádágodo, mo sì dè é yípo fíríìjì bí ìgbà tí a bá so ọkọ̀ mọ́ òpó. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀wọ̀n náà lò. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀ wa. Àbúrò bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ àgbà ilé, ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ìyàwó, ta ló ni fíríìjì yìí?”

“Ọkọ mi ni, sà. Oògùn rẹ̀ ni mo ń tọ́jú.”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ńkọ́? Olè ni?”

“N kò pè wọ́n lólè, sà. Iná tó ń jẹ ni mo ń sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ó kọ ọ́ sílẹ̀!” Àǹtí pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ o. Ó ń kọ ẹnu mi sílẹ̀. Ó ń kọ iye ìgbà tí mo mu omi nílé bàbá mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo na ìwé náà sí àgbà ilé, kò gbà á. Ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní kí òun náà sọ̀rọ̀. Ọkọ mi dìde. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì rìn kọjá àárín pálọ̀, ó fi í fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò wo ojú mi. Àǹtí fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ní, “Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni ọ́.” Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni ọmọ náà.

Mo fẹ́ràn ọkọ mi. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni a fi wà pọ̀. N kò tíì gbàgbé ìrìn yẹn láti ìdí àga mi dé ìdí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mo padà sí kúlà. Ní ìrọ̀lẹ́, kí bátìrì tó rẹ̀, mo máa ń kó yìnyín inú fíríìjì sínú kúlà, màá wé igo oògùn, màá gbé e síbẹ̀. Ní àárọ̀, bí oòrùn bá ti ran páńẹ́lì, màá dá a padà. Ó ju ọdún kan lọ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ láìfo ọjọ́ kan. Ohun tó gbé ẹ̀mí ọkọ mi ró nìyẹn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí náà tó rí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé fíríìjì ń ṣiṣẹ́, ẹja ń bẹ nínú rẹ̀, àbúrò wọn kò kú. Wọ́n ní ṣé mo rí i bí?

Ìgbà òjò ni wọ́n pe àwa òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì sí Àkúrẹ́, kí a wá fi ojú hàn pé a ṣì wà láàyè. Mo kọ ohun tí ọkọ mi gbọdọ̀ máa ṣe sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì. Mo kúnlẹ̀ fún Àǹtí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ẹ má kó ẹja sí i.”

“Máa lọ, ìyàwó. Ta ló tọ́ àbúrò mi dàgbà? Ṣé ìwọ ni?”

Ọjọ́ mẹ́rin di mẹ́sàn-án. Èrò pọ̀, àwọn ìwé wa kan sọnù, wọ́n ní ká padà wá lọ́la, lọ́la náà wọ́n tún ní ká padà wá. Mo pe ọkọ mi nígbà tí fóònù bá gbà.

“Ṣé ẹ ń gbé oògùn sí kúlà ní ìrọ̀lẹ́?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Fọkàn balẹ̀.”

Mo fọkàn balẹ̀. Ìyẹn náà, ẹ kọ ọ́ mọ́ mi lára.

Ọ̀sán ni mo wọlé. Ọkọ mi jókòó sórí àga pẹ̀lú ike omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti bó, ó ti gbẹ bí ẹni tó fi oṣù mẹ́ta ṣàìsàn. Ó ní òùngbẹ ni, pé omi kò kàn tó òun mu ni. N kò bọ́ bàtà. Mo ṣí fíríìjì. Ṣáwá kún un láti òkè délẹ̀. Nọ́ńbà tí mo fi sí mẹ́ta ti wà lórí méje. Mo kó ẹja kúrò, mo ń wá igo oògùn, n kò rí i, àfi nígbà tí mo dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí yìnyín ti hù bí ògiri. Inú yìnyín náà ni igo méjèèjì wà. Ṣíbí ni mo fi gbẹ́ wọn jáde.

“Ta ló gbé e síbẹ̀?”

Àǹtí ti wọlé, ó ń nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. “Èmi ni. Ibi tó tutù jù lọ ni mo fún un. Ẹja mi gan-an kò débẹ̀. Mo tún yí i dé méje kó lè tutù dáadáa.”

Mo wo ojú rẹ̀. Kò parọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ní etíkun wa, ara ẹja ni gbogbo ènìyàn ti kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa òtútù. Ẹja tó dì gbagidi bí òkúta ni ẹja tó dára, bó bá ṣe ń dì sí i ni inú ẹlẹ́ja ń dùn sí i. Ó tọ́jú oògùn àbúrò rẹ̀ bí ẹja tó dára jù lọ tó ní. Ṣùgbọ́n ínsúlìn tó bá ti dì ti bàjẹ́. Bí ó bá yọ́, ó lè dà bí èyí tó dára lójú. Bí oòrùn bá wà, ó ń dì. Bí bátìrì tí nọ́ńbà méje ti fà gbẹ bá kú, ó ń yọ́. Ọkọ mi á jí, á fà á sínú abẹ́rẹ́, á gún ara rẹ̀. Àárọ̀ mẹ́sàn-án ni ó fi gún omi lásán sínú ara.

Ọkọ̀ tí mo rí lójú ẹsẹ̀ ni a bá lọ sí Igbókòdá. Àǹtí bá wa lọ, ó gbé ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lé itan ní gbogbo ọ̀nà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ nítorí òjò. Ní ilé ìwòsàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó béèrè igo oògùn, ó yí i sọ́tùn-ún sósì.

“Níbo lẹ ti ń tọ́jú èyí?”

Kí n tó lanu, Àǹtí ti dáhùn. “Inú fíríìjì ni, dókítà. Ibi tó tutù jù níbẹ̀.”

Dókítà kò wò ó. Èmi ni ó wò. Mo rí i pé ó ti yé e, òun náà sì rí i pé ó ti yé mi. Ojú ọkọ mi là sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Àǹtí lọ wá oúnjẹ, ó pè mí.

“Mísìsì.”

“Mo wà níbí.”

“Má sọ fún un.”

“Kí ni n kò ní sọ?”

“O mọ̀ ọ́n. Òun ló pọ̀n mí. Má jẹ́ kó mọ̀ láé.”

“Mo gbọ́.”

Mo ní mo gbọ́. N kò sọ pé mo gbà. Ó kú ní ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Síbẹ̀ mo dákẹ́. Nígbà tí ẹbí pé jọ láti sọ̀rọ̀ ìsìnkú, àgbà ilé ní fíríìjì tí ìyàwó yàn ló kú tó pa oògùn, pé bátìrì rẹ̀ kò tó, pé ìwé ni mo gbọ́ tí n kò gbọ́ràn sí ẹni tó tà á, pé mo tún filé sílẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bátìrì kò tó, òótọ́ ni. Mo wo Àǹtí. Mo retí kó sọ pé òun ni òun yí i dé méje, òun ni òun kó ẹja sí i. Ó ń mi orí sí ohun tí àgbà ilé ń sọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní ìwé mi nínú báàgì, gbogbo nọ́ńbà náà wà níbẹ̀, ti ọjọ́ oògùn àti ti ọjọ́ ẹja. N kò mú un jáde. Ẹnìkan ti bẹ̀ mí, ó sì ti kú.

Àǹtí ṣì wà láàyè. Ó mọ Yorùbá kà, Bíbélì ni ó ń kà láràárọ̀. Bí ẹni kan bá mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó kà á. Mo mọ ohun tí ọkọ mi bẹ̀ mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é fún un, nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè mí ní apọkọ lójú ọmọ mi. N kò lè ṣe é mọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni òkú rẹ̀ lò ní mọ́ṣúárì, nítorí a ń retí àwọn ẹbí tó ń pẹja ní Kàmẹrúùnù. Iná kò dúró déédéé níbẹ̀, àwọn olókùú ni wọ́n ń gbé epo jẹnẹrétọ̀ lọ. Àwọn ẹbí ọkọ mi gbé epo lọ ní àgbá-àgbá. Ọkọ̀ kan kì í lọ sí Igbókòdá láìgbé tiwọn. Ẹnu ẹnikẹ́ni kò kùn. Mo gbọ́ tí àgbà ilé ń sọ pé bí epo bá tán, kí wọ́n tètè sọ fún òun, kí òtútù ọmọ òun má já.

Orí afárá, ní ìta ilé wa, ni fóònù ti máa ń gbà dáadáa. Ibẹ̀ ni Àǹtí máa ń dúró sí láràárọ̀ láti pe ọkùnrin tó ń ṣọ́ mọ́ṣúárì. Èmi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ dúdú mi. Kò mọ̀ pé ohùn òun ń lọ sókè.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé iná wà? Ṣé kò lọ rárá lánàá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò, ṣé ó tutù? Ẹ má kó ẹlòmíràn tì í, òun nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣí ilẹ̀kùn yẹn ṣáá, ẹ gbọ́? Ooru á wọlé.”